Àpótí Tí Mo Yà Sójú Kọ̀ǹpútà

Ìdòwú ni orúkọ mi. Nínú ìwé ìjọba, Idowu Moussa ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Moussa àfi àwọn ọlọ́pàá àti àwọn dókítà. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Treichville, ní Abíjàn, ló ní kí n jókòó kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, torí púpọ̀ nínú wọn ti yege ìdánwò ilé ìwé gíga, wọn ò sì mọ èwo ni kí wọ́n ṣe, bóyá kí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn ni o, bóyá kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé wọn ní kí n jẹ́ kó dùn, kó lè wú wọn lórí. Mo ní mo gbọ́. Ọmọ dáadáa ni, kò kàn mọ ohun tó ń béèrè ni.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe láti ọ̀dọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn àti ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Abíjàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń san fún mi, kó lọ bi ìyàwó mi, òun ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ. A jẹun, àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ó parí.

Treichville ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn ọjà, nínú ilé tí yàrá pọ̀ tí ilé ìwẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Bàbá mi ń ta àwo tánganran. Ìbejì ló ṣáájú mi lọ́dọ̀ ìyá mi, ìyẹn ni mo ṣe ń jẹ́ Ìdòwú, gbogbo ilé ló sì gbà pé orúkọ náà rò mí, torí agídí mi pọ̀. Bàbá fẹ́ kí n dúró ti àwo. Mo sá lọ sí yunifásítì ní Cocody, mo kọ́ ìṣirò fọ́dún díẹ̀, ọ̀rẹ́ kan sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ kan ń wá èèyàn, mo lọ, wọ́n gbà mí. Bí mo ṣe bá ara mi lábẹ́ Màdáàmù Odíìlì nìyẹn.

Ọmọ Nàgó láti Sákẹ́tẹ́ ni Màdáàmù, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, Kátólíìkì paraku, ó sì ń sọ Yorùbá ti ìlú tirẹ̀ tí àwa ọmọ Treichville máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Yàrá tí ẹ̀rọ wà tutù bí inú fíríìjì, ìdí nìyẹn tí kì í fi bọ́ súwẹ́tà kúrò lọ́rùn bí oòrùn ìta ṣe lè mú tó. Nígbà yẹn, a kì í kàn jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ká máa tẹ nǹkan. Orí ìwé la ti ń kọ ètò, pẹ̀lú pẹ́ńsù, Màdáàmù a sì kà á láti òkè délẹ̀ kó tó jẹ́ ká gbé e wọ inú ẹ̀rọ. Kò fẹ́ rí rọ́bà tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́ lórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Bó o bá ṣàṣìṣe lórí ìlà kan, gbogbo ojú ewé lo máa tún kọ.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a ò lè pa ìlà kan ṣoṣo rẹ́.

Ó ní, “Bó o bá pa á rẹ́, wàá gbàgbé pé o ṣì í. Tún un kọ.”

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mo ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì nígbà míì, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Mo ti sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi pé mo ti di ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, ìwé àti pẹ́ńsù ni mo sì ń rù káàkiri bí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ètò mi àkọ́kọ́ tó láti dán wò, ètò kékeré tó ń gba orúkọ aláìsàn sílẹ̀ ni, mo kọ orúkọ bíi mélòó kan sílẹ̀ láti fi dán an wò. Màdáàmù gbé ìwé náà, ó fi pẹ́ńsù rẹ̀ tọ́ka sí i.

“Ta ni Kofi Un? Ta ni Kofi Deux?”

“Kofi Kìíní àti Ìkejì ni, Madame, orúkọ tí mo fi ń dán an wò.”

“Kofi Un yìí, níbo ló ń gbé?”

Ó fi pẹ́ńsù rẹ̀ fa ìlà sábẹ́ orúkọ náà.

“Ṣé ó ní ìyá?”

“Rárá, Madame.”

“Lọ sílé. Kọ orúkọ gbogbo èèyàn tó wà nínú ilé yín wá, àti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Má fi ẹnì kan sílẹ̀. Bí wọn ò bá mọ ọjọ́ ìbí ẹnì kan, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Mo ṣe bó ṣe wí. Bàbá, ìyá mi, ìyàwó kejì bàbá, ìyá àgbà, àwọn ìbejì, èmi, àwọn àbúrò, gbogbo wa ni mo kọ sínú ìwé. Mo fi wọ́n sínú ètò mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìyá àgbà, ètò kọ̀ jálẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ìyá àgbà. “Née vers” ni wọ́n kọ sínú ìwé ìdánimọ̀ wọn, ìyẹn ni pé nǹkan bí ọdún báyìí báyìí, láìsí oṣù, láìsí ọjọ́. Bẹ́ẹ̀, ètò mi ń béèrè ọjọ́ àti oṣù bí ẹni ń béèrè owó orí.

Màdáàmù kò pariwo. Ó kàn sọ fún mi pé, “Ìyá àgbà rẹ dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ara gbígbóná, o sì lé wọn padà sílé.” Ojú tì mí tó jẹ́ pé títí di òní, bí mo bá rántí, etí mi máa ń gbóná. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ òfin ilé iṣẹ́ wa. Ètò yòówù tó o bá ṣe, àwọn ará ilé rẹ ló máa kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá kó tó kan ẹlòmíì. Ìdánwò ará ilé la ń pè é. A ń fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ń ṣe é, torí Màdáàmù á béèrè ìwé náà lọ́wọ́ rẹ, á sì máa bi ọ́ nípa wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé báwo ni wọ́n.

Ọdún ń gorí ọdún. Ẹ̀rọ ńlá inú yàrá tútù lọ, kọ̀ǹpútà orí tábìlì dé. Pẹ́ńsù lọ. Súwẹ́tà lọ pẹ̀lú. Ètò tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ aláìsàn wá tóbi sí i, a fi èsì àyẹ̀wò kún un, a fi oògùn kún un, a fi bẹ́ẹ̀dì kún un, títí ó fi di gàgàrà kan tí kò sẹ́ni tó mọ gbogbo inú rẹ̀ tán. Bó o bá fọwọ́ kàn án níbi oògùn, bẹ́ẹ̀dì á dàrú. Lákòókò yẹn ni Màdáàmù fẹ̀yìn tì, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní àdúgbò Biétry. Èmi ni mo wá di àgbà nínú ilé iṣẹ́, tí àwọn ọmọdé ń pè ní tonton, bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀.

Àwọn ọmọdé yìí ló mú ọ̀nà tuntun dé. Wọ́n ní ká fọ́ gàgàrà náà sí wẹ́wẹ́. Dípò ètò ńlá kan, ká ní ètò kéékèèké púpọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ iṣẹ́ tirẹ̀, kí wọ́n sì máa ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀kan á gba orúkọ, ọ̀kan á tọ́jú èsì ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan á tẹ ìwé jáde. Bí ọ̀kan bá dákú, àwọn yòókù á ṣì máa ṣiṣẹ́. Microservice ni wọ́n ń pè é. Ó dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo ní ìfura díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dáa.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é ló gba ọkàn mi. Ojú kọ̀ǹpútà á funfun báláú. Wàá fa àpótí kan síbẹ̀, wàá fa òmíràn, wàá fi ìlà so wọ́n pọ̀ bí ẹni tó ń ya ọ̀nà ilé rẹ̀ fún àlejò. Àpótí kọ̀ọ̀kan dúró fún iṣẹ́ kan, orúkọ ẹni tó yà á á sì wà lábẹ́ rẹ̀ wínníwínní. Bó o bá tẹ bọ́tìnnì, wàá máa wo iṣẹ́ náà bó ṣe ń gba orí ìlà kọjá. Àpótí tó bá ṣe é yanjú á di àwọ̀ ewé, èyí tó bá kọsẹ̀ á pọ́n. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ìlà ètò títí ojú mi fi ń ṣomi, mo rí iṣẹ́ mi tó dúró níwájú mi bí àwòrán. Inú mi dùn débi pé mo máa ń tẹ bọ́tìnnì náà nígbà tí kò sí ohun tí mo fẹ́ dán wò, kí n kàn lè rí àwọ̀ ewé.

Ìdánwò náà sì rọrùn. Bí àpótí tó yẹ kó dá tìrẹ lóhùn kò bá tíì ṣetán, wàá fi adúrófúnni kan síbẹ̀ tí yóò máa fún un ní èsì tó o bá kọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ aláìsàn lo nílò, bọ́tìnnì kan wà tó ń fúnra rẹ̀ hùmọ̀ èèyàn tí kò sí. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ àti ọjọ́ ìbí, kò sí èyí tó jọ ara wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa kọ orúkọ àwọn àbúrò mi sínú ìwé nígbà tí irú èyí wà?

A pe Màdáàmù wá wò ó lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti darúgbó, ọmọ wọn ló fi ọkọ̀ gbé wọn wá. Mo jókòó tì wọ́n, mo fa àpótí, mo fa ìlà, mo tẹ bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Mo ń retí kí wọ́n yìn mí. Wọ́n sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ka àwọn orúkọ náà.

“Ìdòwú, ta ni àwọn wọ̀nyí?”

“Ẹ̀rọ ló hùmọ̀ wọn, Madame. Wọn ò sí.”

“Àwọn náà kò ní ìyá,” ni wọ́n sọ. Wọ́n wá béèrè omi mu. Mo rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé náà rẹ́rìn-ín. A rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn ilé àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjọ́ sùn pé aláìsàn kan ṣoṣo ní fáìlì mẹ́ta. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ọmọ wa kan, Abíọ́dún ni nílé, Abdul-Lateef ni ní mọ́sálásí, Latif ni nílé ìwé. Ó mú ìwé kan lọ sílé ìwòsàn lóṣù yìí, ó mú òmíràn lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ sì gbà pé èèyàn méjì ni. Nígbà ìpàdé, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Èmi nìkan ni Yorùbá tó wà níbẹ̀. Mo gbérí. Mo ní ẹ fi í lé mi lọ́wọ́, àwọn èèyàn mi nìyẹn, mo mọ ìṣe wọn.

Mo ya àpótí kan. Mo pè é ní “Même personne”, ìyẹn ẹni kan náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wo orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí, orúkọ ìyá, àti àdúgbò. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti bára mu, ẹni kan náà ni, ohunkóhun tí wọn ìbáà máa pè é nílé. Kí ó da fáìlì méjèèjì pọ̀, kí ó sì mú èsì tó dé kẹ́yìn. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò sí gba inú rẹ̀ kọjá, gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ra bissap, ìyẹn zobo, fún gbogbo ilé iṣẹ́. Mo lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, mo ń fọ́nnu fún ìyàwó mi.

Ẹ ti rí i, àbí? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ti rí i. Èmi kò rí i. Èmi tí mo ń jẹ́ Ìdòwú, tí ìbejì ṣáájú mi wá sáyé, tí mo ti bá wọn jẹun nínú àwo kan láti kékeré. Ká ní mo fi ìdajì wákàtí kọ orúkọ àwọn ará ilé mi sílẹ̀ ni, àpótí náà ì bá pọ́n lójú mi níbẹ̀.

Ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí obìnrin tó ń gba àlejò nílé iṣẹ́ wa pè mí pé àwọn kan wà níta tó ń sọ èdè mi. Mo jáde. Ọ̀dọ́bìnrin méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan gbé ọmọ pọ̀n. Èyí tó pọ̀nmọ kúnlẹ̀ kí mi.

“Tonton, ẹ jọ̀ọ́, Sìdíká ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi Rúkáyà rèé. Kẹ́hìndé nìyẹn, èmi ni Taïwo. Bàbá wa ló ń ta aṣọ ní marché Treichville.”

Wọn ò tíì sọ ohun tó gbé wọn wá, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀. Mo wo àwọn méjèèjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, wọn ò jọra rárá.

Sìdíká fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni, èyí tí a máa ń ṣe kí wọ́n tó so yìgì, tí ìdílé ọkọ àti ti ìyàwó fi ń mọ̀ bóyá ọmọ wọn ò ní ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. AA ni wọ́n kọ fún un. AS ni ọkọ rẹ̀, ọmọ àwọn ará Ọ̀yọ́ kan ní Adjamé. AA àti AS kò léwu, wọ́n so yìgì. Ọmọ dé, Àmínà. Nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń ké tọ̀sán-tòru. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, SS ni. Wọ́n tún ti ìyá yẹ̀ wò níbòmíràn, AS ni.

“Ìyá ọkọ mi ní faux papier ni, ìwé irọ́,” ni Sìdíká wí. “Wọ́n ní mo bẹ ẹnì kan ní labo, nílé àyẹ̀wò yẹn, kó bá mi kọ AA, kí n ṣáà lè rí ọkọ fẹ́. Tonton, mi ò mọ ẹnì kankan ní labo. Ohun tí wọ́n fún mi ni mo gbà. Est-ce que machine yín lè ṣe erreur, kó ṣàṣìṣe?”

“Ìgbà wo ni ìwọ ṣe tìrẹ?” Rúkáyà ni mo bi.

“Semaine yẹn náà ni, tonton, ọ̀sẹ̀ kan náà. Èmi náà fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Lundi ni òun lọ, mercredi ni èmi lọ.”

Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa wò ó.

Mo wò ó. Irinṣẹ́ náà máa ń tọ́jú ipasẹ̀ ohun gbogbo. Mo ṣí ọjọ́ náà, mo sì rí i bó ṣe rìn lórí ìlà. Ọjọ́ Ajé, AS ti Sìdíká wọlé. Ọjọ́rú, AA ti Rúkáyà dé. Orúkọ ìdílé kan, ọjọ́ ìbí kan, ìyá kan, àdúgbò kan. Àpótí mi sọ pé ẹni kan náà ni, ó fi AA bo AS mọ́lẹ̀. Ọjọ́bọ̀, ìwé Sìdíká jáde. Gbogbo àpótí ló jẹ́ àwọ̀ ewé. Lábẹ́ èyí tó ṣe é, orúkọ mi wà níbẹ̀ wínníwínní.

Mo tọ ọ̀gá wa lọ. Kò bínú. Ó ní kí n jókòó.

“Monsieur Idowu, ọmọ náà ti wà láyé. Ohun tá a bá sọ kò ní yí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bá a bá sọ ọ́, kò sí ilé àyẹ̀wò tó máa bá wa ṣiṣẹ́ mọ́. Wo àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa níta yẹn, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwọ náà, ọdún méjì ló kù fún ọ. Tún un ṣe, kó o sì pa á mọ́.”

Mo tún un ṣe. Kò gbà mí ní wákàtí kan. A wá àwọn ìbejì yòókù tí àpótí mi ti dà pọ̀, a pè wọ́n padà, a ní ẹ̀jẹ̀ tí a gbà kọ́kọ́ ti bàjẹ́, a tún wọn yẹ̀ wò. Ọlọ́run yọ wá, kò tíì sí ẹni tó fara gbá a nínú wọn. Sìdíká nìkan ló kù, òun nìkan sì ni a ò lè tún tirẹ̀ ṣe láìjẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, òun nìkan ló wá. Mo ti tẹ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Mo jókòó níwájú rẹ̀, ìwé wà lábẹ́ ọwọ́ mi gan-an.

Mo ní, “Mo wò ó dáadáa. Ẹ̀rọ wa kò ṣàṣìṣe.”

Ó mi orí. “Ẹ ṣeun, tonton. Ẹ kú wàhálà mi.”

“Kò tọ́pẹ́,” ni mo fèsì.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ láyé, ìyẹn ni mo kórìíra jù. Obìnrin náà kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó lọ.

Màdáàmù Odíìlì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀ ni mo ti jáwọ́ nínú lílọ kí wọn ní Biétry, torí mo mọ̀ pé wọ́n á bi mí pé iṣẹ́ ńkọ́. Mo lọ síbi ìsìnkú, ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí. Èmi náà wá fẹ̀yìn tì. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ nípa mi níwájú gbogbo ènìyàn pé àṣìṣe kan kò ti ọwọ́ mi jáde rí. Mo bá wọn ya fọ́tò.

Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo pàdé Rúkáyà nínú ọjà. Mo bi í nípa àbúrò rẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń yẹra fún ìbéèrè yẹn.

“Ọkọ ti dá a padà, tonton. Ó ti fẹ́ ìyàwó míì. Ọ̀dọ̀ bàbá wa ló wà.” Ó gbé àpò ọjà rẹ̀ sílẹ̀. “Mais bàbá kì í dá a lóhùn. Á kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọn ò ní jẹ́. Àwọn fúnra wọn ló gbé papier yẹn fún àwọn àgbà ọkọ nígbà yẹn, wọ́n ní àwọn mọ ọmọ àwọn. Wọ́n ní ó ti ba àwọn lójú jẹ́.”

Mo ra ọsàn lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo fún un pé kó gbé e fún àwọn ọmọ. Ọsàn ni mo fún un. Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Ìtìjú nìkan ló kù tí mo ń bẹ̀rù, ó sì tó láti dè mí lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́, mi ò ní kí ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí. Ó dára, ó sì dùn ún ṣe. Irinṣẹ́ tí ẹ máa lò á dára ju tiwa lọ, ẹ̀rọ gan-an á máa bá yín ya àpótí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan máa wà ní òpin ìlà tí ẹ bá yà, tó máa gba ìwé tó jáde lọ́wọ́ ẹ̀rọ, tó sì máa gbà á gbọ́. Bí ẹ bá ṣì í, ẹ sáré lọ bá ẹni náà. Ẹ má dúró dé ọjọ́ tí kò ní ná yín ní nǹkan kan.

Èmi dúró. Mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú bàbá mi, láti parí ilé kékeré kan tí mo ń kọ́, mo lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ lẹ́tà kan sí Sìdíká ní Yorùbá, pé àpótí tí èmi Ìdòwú yà ló da èsì ìbejì méjì pọ̀, àti bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, àti irọ́ tí mo pa lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fi ìwé ipasẹ̀ tí mo ti tẹ̀ látijọ́ sí i lẹ́yìn. Bí mo ṣe dé Abíjàn, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ sílé wọn ní Treichville.

Sìdíká wà lójúde, ó ń di irun Àmínà. Ọmọ náà ti tó ọdún mẹ́rin, ó tín-ín-rín, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti àwọn tó ní àìsàn yẹn. Mo kàn na lẹ́tà náà sí i. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó kà á. Ó kà á tán, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

“Ẹ kọ ọ́ dáadáa, tonton,” ló wí nígbà tó ṣe. “Gbogbo ẹ̀ yé mi.”

“Mo fẹ́ bá bàbá yín sọ̀rọ̀. Èmi fúnra mi.”

Ó gbójú sókè. “Ẹ ò gbọ́? Bàbá ti kú. Jeudi, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, la máa ṣe àdúrà ogójì ọjọ́.” Ó ká lẹ́tà náà, ó tún tú u. “Wọn ò mọ̀wé. Ǹ bá kà á fún wọn.”

Mi ò mọ ohun tí mo wí. Mo rò pé mo bẹ̀ ẹ́. Kò lé mi. Ó dìde, ó ní kí n máa bọ̀.

“Màmá wà nínú yàrá, wọ́n wà nínú opó. Àwọn náà ò gbà mí gbọ́. Ẹ wá kà á fún wọn.”

Mo tẹ̀ lé e. Wọ́n ta kọ́tìnì sẹ́nu ọ̀nà, nítorí opó. Ìyá náà wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mi ò rí wọn, mo kàn ń gbọ́ tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn. Sìdíká sọ fún wọn pé ẹnì kan fẹ́ ka ìwé sí wọn létí. Tẹ̀sùbáà dákẹ́. Mo dúró níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka ti ọjọ́ Ajé, mo ka ti Ọjọ́rú, mo ka irọ́ mi. Nígbà tí mo dé ibi tí mo kọ ọ́ sí pé Sìdíká kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, pé òótọ́ ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn mi kọ̀, kò jáde mọ́. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó sì ka ìyókù fún ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀.